Ibi tí Fọ́tò Bàbá Yóò Máa Gbé

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Karùn-ún
Kọ̀ǹpútà tuntun dé. Mo gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tí Bàbá ti ń fọ fọ́tò nígbà tí ojú wọn ṣì ń ríran. Òórùn kẹ́míkà ò tíì kúrò lára ògiri. Iṣẹ́ tèmi: kí n gbé sísítẹ́ẹ̀mù tó máa darí rẹ̀ sí i, kí n kó gbogbo fọ́tò Bàbá sínú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ayé wọn o. Fíìmù tí wọ́n fi yà wọ́n ò sí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó wọn dà nù lọ́dún tó kọjá — ó ní wọ́n ti bu, kò sí wàhálà, fọ́tò ṣáà ti wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Kò sí wàhálà! Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn. Lójú rẹ̀, "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Níbí, Kò-Sí-Wàhálà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Sísítẹ́ẹ̀mù ń béèrè fáìlì sísítẹ́ẹ̀mù tí mo fẹ́, ìyẹn ni pé báwo ni kó ṣe máa to nǹkan sórí dísìkì. Méjì ni mò ń rò. Ext4: mo sọ ọ́ ní Dákẹ́jẹ́. Ó yára, ó ti pẹ́ nílẹ̀, àìmọye èèyàn ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò bá bàjẹ́ lórí dísìkì, kò ní mọ̀. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa gbé fún ẹ. Btrfs: Aláròyé. Òun máa ń fi àmì sí gbogbo ohun tó bá tọ́jú, á tún máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí nǹkan bá ti yí padà, ariwo dé. Kò tiẹ̀ ní gbé e fún ẹ.

Kò-Sí-Wàhálà wọlé, ó na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ó ní kí ni mò ń rò títí báyìí, kí n tẹ èyí tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀. Mo ní kó má bínú. Mo tẹ Aláròyé.

Mo tún ní ká ra dísìkì kejì, ká lè ní ẹ̀dà. Ó ní èyí tí òun rà, tuntun ni, látọwọ́ ọ̀rẹ́ òun. Ẹ wo èmi náà tí mo gbà.

Ọjọ́bọ̀, 7
Mo ti kó gbogbo fọ́tò láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun tán. Mo jókòó ti Bàbá, mò ń sọ ohun tó wà nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, torí ìmọ́lẹ̀ nìkan lojú wọn ń rí báyìí. Mo dé orí ti Màámi lẹ́nu ilẹ̀kùn — dúdú àti funfun, wọn ò tíì bí mi. Bàbá ní ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Mo ní ọ̀kan di férémù ilẹ̀kùn mú, èkejì ń bo ojú nítorí oòrùn. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò sọ fún un pé àwọn fẹ́ yà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Kò-Sí-Wàhálà ti gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Kò bi mí léèrè.

Ọjọ́ Ajé, 18
Aláròyé pariwo! Fáìlì kan ò ṣí. Òmíràn. Òmíràn. Mo yẹ dísìkì wò: ọdún gbọọrọ ló ti fi ṣiṣẹ́ kó tó dé ilé wa. Àlòkù! Wọ́n lẹ bébà tuntun mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Mo sọ fún un. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní Aláròyé tèmi ló ba fọ́tò jẹ́. Ó ní kí n tó fi síbẹ̀, ta ló gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́ rí? Ojú ò tiẹ̀ tì í! Ó ní àwọn obìnrin a máa fẹ́ràn wàhálà. Orí mi gbóná débi pé mo lọ dúró nínú ilé ìwẹ̀.

Ọjọ́rú, 20
Mo jáde lọ ra dísìkì gidi. Kí n tó dé, ó ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Èyí tí Aláròyé kọ̀ láti gbé sílẹ̀, wọ́n fi tipátipá yọ ọ́, wọ́n fọ́ọ̀màtì dísìkì, ìyẹn ni pé wọ́n pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ pátápátá, wọ́n fi Dákẹ́jẹ́ síbẹ̀, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà. Sórí dísìkì kan náà! Dísìkì tó ń kú lọ! Ó ní, "Wò ó, kò pariwo mọ́." Ó ń yangàn.

Ọjọ́bọ̀, 21
Dísìkì gidi tí mo rà ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22
Mo ṣí fọ́tò Màámi. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Ojú wọn wà níbẹ̀, ọwọ́ tó ń bo oòrùn wà níbẹ̀. Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, àwọ̀ eérú lásán. Ilẹ̀kùn ò sí. Ọwọ́ kejì ò sí. Dákẹ́jẹ́ ò sọ nǹkan kan. Mo sunkún, mo tún bínú pé mò ń sunkún.

Ọjọ́ Àìkú, 24
Bàbá ní ká ṣí ti Màámi fún àwọn. Kò-Sí-Wàhálà sáré jókòó kí n tó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Mo rí i tó rí eérú yẹn. Ó wúkọ́. Ó ní Màámi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ aṣọ búlúù tó dára gan-an.

Bàbá ní, "Fọ́tò yẹn ò ní búlúù." Wọ́n pè mí.

Mo mọ fọ́tò yẹn sórí. Mo lè sọ gbogbo rẹ̀ láì fi ọ̀kan sílẹ̀, inú wọn á dùn, wọn ò ní mọ̀. Ó ti dé ètè mi. Ọlọ́run ló yọ mí. Mo ní, "Bàbá, ojú wọn ṣì wà, ọwọ́ tó ń bo oòrùn ṣì wà. Ìyókù ti lọ."

Bàbá ní ká lọ mú fíìmù rẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni ò dìde. Háà, àṣé Bàbá ò mọ̀ pé wọ́n ti dà á nù! Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, kò sí—" Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn.

Bàbá kò pariwo. Ọwọ́ wọn ń wá ọwọ́ mi lórí àga títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní kí n fi èyí tó ń ṣàròyé sórí dísìkì tuntun. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí n máa sọ ohun tó wà nínú fọ́tò fún àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ èyí tó bàjẹ́.

"Èyí tó bàjẹ́ ni kí o kọ́kọ́ sọ."