Èébú Nìkan Ló Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ

Àbúrò mi,

Mo kí ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Màmá ti ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kan tojú sú mi. Oníkọ̀ǹpútà tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní láti oṣù mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣọ́ ímeèlì jìbìtì ti kọ ẹ̀rọ tó ń fi ímeèlì ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ránṣẹ́ mọ́ tàwọn oníjìbìtì nínú ìwé wọn, kò sí èyí tó ń dé ibi tí mo fi ránṣẹ́ sí. Kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, àfi kí n kọ ohun tí mo ṣe sínú fọ́ọ̀mù. Kí ni mo ṣe? Káàdì ìgbéyàwó ni mò ń tẹ̀.

Àṣé o ò rí ímeèlì mẹ́ta tí mo fi sọ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá. Èyí tí mo fi bú ọ pé o gbàgbé ìyá rẹ, fóònù ìyàwó mi àti ímeèlì tirẹ̀ ni mo fi kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ló dé.

Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí Màmá. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà níwájú mi. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ