Mọ́tò Eré Tí Mi Ò Rí Tà

Sátidé, lẹ́yìn Mágàríbù.

Ó ti rẹ̀ mí. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń wá ẹni tó máa ra mọ́tò eré sísá yìí. Ẹni tó bá dé á tẹ iná mọ́ ọn, á rẹ́rìn-ín, á lọ.

Dókítà obìnrin kan ló wá láti VGC lónìí, òun àti bàbá rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn sàlẹ́ńsà báyìí, ojú ẹ̀ tàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo máa rà á."

Bàbá ò bi mí ní nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n rọra ká ẹsẹ̀ wọnú mọ́tò, wọ́n jókòó, wọ́n wò yíká.

"Ìjókòó ẹ̀yìn ńkọ́? Áábáàgì ńkọ́?"

Mo ní mẹkáníìkì mi l'Áwòyáyà ló bá mi yọ wọ́n, kí mọ́tò lè fúyẹ́, kó lè sáré.

"Ìwọ náà, ṣé o lè gbé e fún ọmọ tìẹ?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mi ò mọ ohun tó gbé e mì.

"Rárá, sà."

Dókítà bínú lọ síbi mọ́tò tí wọ́n gbé wá. Bàbá bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, "O ṣé gan-an," wọ́n tẹ̀lé e.

Ìyàwó mi ní ṣé orí mi ti dàrú ni.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé Àmínà ọmọ wa lọ sílé ìwé nínú mọ́tò yẹn. Iwájú ló máa ń jókòó. Kò sí ọjọ́ kan tí mo bi ara mi ní ìbéèrè tí bàbá yẹn bi mí.