Ẹ Má Pín Adédèjì àti Wúrà

Èmi, Jannah Ọmọ́lẹ́wà Sabbah, tí mò ń gbé ní Upney, ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Ẹ̀jẹ̀ mi ni dókítà ní kò dára. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má baà sọ pé òun kò gbọ́ èdè lọ́yà. Àwọn tí yóò mú un ṣẹ ni Àǹtí Bùnmi, àbúrò ìyá mi, àti Hamid, àbúrò mi.

1. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti Àǹtí Bùnmi. Ó ti wà nílé wọn láti ọdún mẹ́ta.

2. Ológbò mi di ti Hamid. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ológbò náà kò sì fẹ́ràn òun. Wọn yóò bára wọn gbé.

3. Ìpín mi nínú ilé bàbá wa ní Khan Younis, ní Gásà, mo fún Hamid. Ilé náà ti wó. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwókù.

4. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ ní pálọ̀ Àǹtí ní Goresbrook, nígbà tí ẹ rò pé mo sùn. Ẹ ti pín àwọn ọmọ mi: Adédèjì yóò lọ bá Hamid ní Mayesbrook, Wúrà yóò wà lọ́dọ̀ Àǹtí. Àǹtí ní, “Ṣebí bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè wọ bọ́ọ̀sì ni?”

Bàbá wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ará Palẹstáìnì ni, ó mọ ogun bí àgbẹ̀ ṣe mọ òjò. Lọ́dún 2009, nígbà ogun ní Gásà, alaalẹ́ ló ń pín wa: èmi lọ́dọ̀ rẹ̀, Hamid lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa, àti Yusuf, àbíkẹ́yìn wa, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí bọ́ǹbù kan má baà kó gbogbo wa lọ. Ìyá wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, bi í pé, “Ṣé ọmọ lò ń pín káàkiri ni, àbí ẹran Iléyá?” Ó ní, “Ojúlé mẹ́rin péré ni.”

Ilé ìyá àgbà ni bọ́ǹbù bọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Yusuf máa ń sùn tẹ́lẹ̀. Ọmọ méjì ṣẹ́ kù fún bàbá wa. Ìṣirò rẹ̀ yọrí. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi kú.

5. Àwọn ọmọ mi méjèèjì yóò jọ máa gbé lọ́dọ̀ Hamid, nínú yàrá kan. Kí wọ́n máa jà lórí ẹni tí yóò sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá wọn ti ní òun fara mọ́ ohunkóhun tí a bá ṣe, bí ìṣe rẹ̀.

6. Bí bọ́ǹbù bá ń bọ́ sí Barking, ẹ pín wọn. Bàbá mi tọ̀nà. Bí kò bá bọ́, ẹ má pín wọn.

Mo fọwọ́ sí i: J. O. Sabbah, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọdún 2025.

Àwọn ẹlẹ́rìí: Túbọ̀sún Adéẹ̀kọ́, aládùúgbò, Michelle Carter, aládùúgbò, tí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí ó rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n.