Ẹ̀rọ Tó Ń Sọmọ Lórúkọ Láràárọ̀

Agbo ilé wa, Ìsàlẹ̀ Èkó,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Kẹ́hìndé ọmọ mi, Ubaydullah Àlàó,

Salamu aleekun. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé Àbújá ò gbóná jù, ṣé ò ń rí ẹja tútù jẹ níbẹ̀ àbí ẹran náà ni láàárọ̀ lálẹ́? Ọlọ́hun tó mú ọ lọ sí oko yẹn ni yóò mú ọ padà wálé ní àlàáfíà. Mo mọ̀ pé inú rẹ kì í dùn tí mo bá pè é ní oko, ṣùgbọ́n èmi ò mọ ìlú kan tó ń jẹ́ ìlú tí kò bá ti sí ọ̀sà níbẹ̀, gbogbo ibi tó kù lókè lọ́hùn-ún, oko ni. Oko ò ní gba ọmọ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé nítorí pé fóònù kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ délẹ̀. Bí mo bá ti kí ọ tán, tí mo fẹ́ wọnú ọ̀rọ̀ gan-an, wàá ní Màámi ẹ dákun, mo wà ní mítìn. Èmi ò mọ irú mítìn tí kì í tán. Ìpàdé ẹbí wa pàápàá, tí àwọn bàbá ti máa ń fẹ́ bá ara wọn jà, ó máa ń tán bí ebi bá ti ń pa wọ́n. Lẹ́tà ò mọ mítìn, yóò jókòó dè ọ́ ni.

Ara gbogbo wa le. Táíwò kí ọ, ó ní o kò tíì sọ bóyá aṣọ tí òun rán sí ọ bá ọ mu. Afusat tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ kànga ti bí obìnrin. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbé bàtà Bàbá Olórí Ẹbí lọ títí dé Pópó Àgùdà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo la rí gbà padà, ó sì ń wọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó láyà láti bi í léèrè. Báǹkì kan ní Tinúbú tún ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá fi hàn pé mo ṣì wà láàyè. Mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ, mo kí wọn, mo bá ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wọn fa ọ̀rọ̀, síbẹ̀ ọmọdébìnrin kan gbé fóònù sí mi lójú, ó ní kí n ṣẹ́jú kí ẹ̀rọ lè gbà pé n kì í ṣe fọ́tò. Mo ní fọ́tò wo ló ń làágùn báyìí? Mo ṣẹ́jú, ẹ̀rọ ní òun ò rí i. Mo tún ṣẹ́ ẹ, ó ní mo ti ṣẹ́ ẹ jù. Nígbà tó gbà tán, mo bi wọ́n bóyá òkú ti ń wá gbowó lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dédìí bíró ni ti yàrá rẹ, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Jíbrílù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó ń ta áńkárá ní Jankara, ló fẹ́ gbà á kó ẹrù sí. O mọ̀ pé Bàbá Olórí Ẹbí ti pàṣẹ pé lọ́jọ́ ìpàdé òun yóò máa pe àwọn tó ni yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá dáhùn, yàrá rẹ̀ lọ nìyẹn. Wọ́n ṣàánú wa, wọ́n gbà pé kí ìwọ máa dáhùn látinú tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ tó ń rí wa. Èmi náà kì í jókòó síwájú rẹ̀ láìborí.

Ẹ̀rọ kékeré tí o gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń mú ojú rẹ wá sí ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ihò méjì ló ní lẹ́yìn. O ní wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti orí òpó níta wá ni kó wọ ihò kan, èyí tó ń lọ sí pálọ̀ ni kó wọ èkejì. O ní bí ẹ̀rọ bá ti jí, yóò pe ihò méjèèjì, èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn ni yóò máa jẹ́ Òdo, èyí tó tẹ̀lé e ni yóò máa jẹ́ Oókan, àti pé ọwọ́ Òdo ni o ní kó ti máa gba ti ìta. Mo ní ó dáa nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ilé wo ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ láràárọ̀? Nẹ́pà mú iná lọ, Nẹ́pà dá iná padà, ẹ̀rọ jí, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìsọmọlórúkọ láìpe àáfà, láìpe ẹbí, ẹni tó bá ti yára dáhùn ló ń gba orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, iná dé, ẹ̀rọ jí, kò sí nǹkankan lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó tì í, mo ronú. Èmi tí mo bí ìbejì, ta ni yóò kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dé? Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, ìwọ sì ni ẹ̀gbọ́n, nítorí ìwọ lo rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹ̀rọ wá mú ẹni tó kọ́kọ́ yọjú, tó jẹ́ àbúrò, ó fi ṣe olórí, òun ló ń gba àlejò níta, ẹ̀gbọ́n wà nínú ilé bí ọmọ ọ̀dọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè tòrò. Mo yọ wáyà méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn, mo fún ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí n tó nàró, ojú rẹ ti yọ, tí o ń jẹ búrẹ́dì. Táíwò ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Mo ní kó lọ jókòó, ṣebí àbúrò lòun náà.

Ìpàdé ń lọ dáadáa, ó ku yàrá tìrẹ ni Nẹ́pà mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ jí, Bàbá pe Kẹ́hìndé, tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó tún pè. Jíbrílù ti ń fi ojú wá ibi tí yóò to àpò rẹ̀ sí. Mo ní ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ọmọ mi kọ́, ẹ̀rọ yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá sún ọ̀rọ̀ náà sí ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e.

Ni Táíwò bá mú ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan wá, Olúwadámilọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá Tinúbú. Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó ní ta ló pààrọ̀ wáyà. Mo ní ta ló fẹ́ mọ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò o, pé nígbà mìíràn ihò ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, nígbà mìíràn ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tí yóò yá, ìdí nìyẹn tí orúkọ fi ń yí mọ́ wọn lórí. Ó dá wáyà padà sí ibi tí o fi wọ́n sí, ó tẹ ẹ̀rọ títí, ó ní òun ti sọ fún un pé kó má wo ẹni tó yára mọ́, ibi tí kálukú ń gbé ni kó máa fi pè é. Ọ̀kan ń jẹ́ Ẹ̀gbẹ́-ògiri, òun ni yóò máa gba ti ìta, èkejì ń jẹ́ Ẹ̀gbẹ́-fèrèsé, ẹni tó bá pẹ́ kó tó jí, orúkọ rẹ̀ ń dúró dè é. Ó ní kí á pa iná, a pa á, a tàn án, léraléra, orúkọ ò yí.

Ó kọ́kọ́ bí mi nínú, nítorí n kò rí i rí kí wọ́n fi ibi tí ọmọ ń sùn sọ ọ́ lórúkọ. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé nínú agbo ilé yìí kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Sàdíátù, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni mo ń jẹ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti gbé mi wọlé. Mo bá ṣe àdúà fún ihò méjèèjì bó ṣe yẹ, mo sì fẹ́ fi oyin tọ́ wọn lẹ́nu díẹ̀, ni ọmọ Ìjẹ̀ṣà yẹn bá di ọwọ́ mi mú bí ẹni mú olè. Ó ní oyin ò gbọdọ̀ débẹ̀. Mo fi pa ara ògiri, èèrà ló jẹ sàárà náà.

Jímọ̀ tó kọjá, ìpàdé pé. O kí gbogbo wa, o ní o fẹ́ yọjú sí mítìn kan kí á tó dé orí yàrá rẹ, o ṣí kọ̀ǹpútà tìrẹ sílẹ̀. Bó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n pè ọ́ ni Nẹ́pà tún mú iná lọ, inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní kí wọ́n wá wo ẹ̀rọ tó gba ẹ̀kọ́. Jẹnẹrétọ̀ dún. Ẹ̀rọ jí. Ẹ̀gbẹ́-ògiri wà láyè rẹ̀, Ẹ̀gbẹ́-fèrèsé wà láyè rẹ̀, àwòrán yọ kedere. Bàbá pe Kẹ́hìndé. A gbójú sókè, àga rẹ la rí. Àga, àti kóòtù tí o fi kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àti ife tíì. Bàbá tún pè, àga ò dáhùn. Jíbrílù ní bóyá wáyà náà ni. Kẹ́hìndé, ó dùn mí. Nígbà tí ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, mo rí nǹkan bú.

Mo dìde. Ìyàwó ilé kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá yára dáhùn ló ni yàrá, kí wọ́n kúkú kó gbogbo ilé fún àkùkọ Afusat tó ń dáhùn kí á tó pè é. Mo ní yàrá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yìí, kí làwọn ọmọdé ń pè é? Yàrá Kẹ́hìndé. Jíbrílù fúnra rẹ̀ tó ń wá bàtà kiri lánàá ọjọ́ náà, ibo ló ní òun bọ́ ọ sí? Ó ní iwájú Yàrá Kẹ́hìndé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bàbá ṣí fìlà, ó họ orí, ó ní òótọ́ ni Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà sọ, yàrá náà ti ní orúkọ, kò sì sẹ́ni tó máa gba orúkọ lára rẹ̀. Mo ti ń dúpẹ́. Ó wá ní ṣùgbọ́n bí Iléyá bá dé tí ẹni tó ni ín kò bá tíì sùn níbẹ̀, kí Jíbrílù kó ẹrù rẹ̀ wọlé, kó sì máa pè é ní Yàrá Kẹ́hìndé lọ bẹ́ẹ̀. Mo padà jókòó.

Jọ̀wọ́, fún mi lówó díẹ̀. A ò tíì san ti ọmọ Ìjẹ̀ṣà tán, epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí, eku sì ti jẹ ẹní àti ìrọ̀rí tó wà ní yàrá rẹ, mo fẹ́ ra tuntun. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì, wọn yóò tún ní kí n ṣẹ́jú. Ìwọ ni kó o mú un wá.

Ọlọ́hun yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, iṣẹ́ rẹ ò ní bàjẹ́ lẹ́yìn rẹ, ibi tí wọ́n bá ti ń pe ẹni rere, wọn yóò pe orúkọ rẹ, ìwọ náà yóò sì wà níbẹ̀ láti jẹ́ ẹ. Àmín.

Mo gbá yàrá náà láàárọ̀ yìí, mo ṣí fèrèsé. Mo pè ọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n kàn gbọ́ bó ṣe máa dún. Orúkọ kì í sùn sórí ẹní, ọmọ mi. Wá sùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà.