Ohùn Tó Ṣáájú Ọwọ́

Ilé Ìdílé Mabry,
Òpópónà Sawmill,
Cordele, Georgia.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹwàá, ọdún 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi Ardelia, ẹni tó tọ́ mi bí ìyá,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé ọdún tí Màmá Àgbà ṣubú ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láti máa tọ́jú wọn, láti ìgbà náà ni ọwọ́ mi ti ń tẹ̀ sọ́tùn-ún tẹ̀ sósì lórí ìwé bí ẹni tó mutí. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í tètè wá. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo pa nǹkan rẹ́, ẹ fò ó. N kò lè sọ èyí lórí fóònù ni. Ilé yìí kéré. Bí mo bá wúkọ́ ní yàrá, ìyá ọkọ mi á ti kí mi "pẹ̀lẹ́" láti ilé ìdáná.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí òtútù Detroit ti tún ń dé sí i? Bùrọ̀dá Lemuel ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé lu ara wọn? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Lavon ọkọ mi náà wà, ó ní kí n kí yín. Ó ṣì máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ mi kí n tó sọ pé ó wúwo.

Ẹ ní kí n kọ̀wé sí yín bí mo bá rí ohun tí kò yé mi nílé ọkọ. Mo ti rí i.

Ẹ rántí pé bàbá ọkọ mi, Díákónì Hosea, ti kú kí n tó wọ ilé yìí. Àwọn ló ń ta gìtá onírin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tó máa ń wà ní títẹ́ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀ títí yóò fi sunkún bí ènìyàn. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá ń ta á ni wọ́n máa ń kùn láìla ẹnu, hùn-ùn, hùn-ùn, tí ìkùn náà á sì bá ohùn okùn rìn pọ̀. Nílé, wọn kì í fi ẹnu pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Gìtá ni wọ́n fi ń pè é láti ìloro. Ìpè Màmá, ìyá ọkọ mi, yàtọ̀, ti Lavon yàtọ̀. Màmá ṣì lè fi ẹnu ṣe méjèèjì títí dòní. Èmi nìkan ni n kò ní ìpè nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí níbẹ̀, òkú kò lè pe ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ń ṣe é, tí Lavon ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń wá nǹkan fọ̀ nínú agbada ìfọwọ́.

Kí bàbá tó kú, ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba ohùn orin sílẹ̀ ti Nashville wá. Wọ́n mú bàbá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, wọ́n ní kí bàbá ta okùn kọ̀ọ̀kan lójú ibi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ta á pẹ̀lẹ́, kí wọ́n tún ta á kíkan. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà sínú ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá yá ohùn náà lọ́wọ́ wọn lè ta gìtá tirẹ̀ kó máa dún bíi ti bàbá. Wọ́n bẹ bàbá pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Bàbá gbìyànjú, Lavon ní ṣe ni ọrùn wọn ń wú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń ta gìtá onírin láìkùn? Ìkùn náà bá okùn mu débi pé àwọn tó ń gbà á sílẹ̀ kò mọ̀ pé ohùn méjì ni.

Ìwé tí bàbá fọwọ́ sí ní ìwọ̀nba ìgbà. Bí ìgbà náà bá pé, ìdílé ni yóò tún fún wọn ní àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ náà wá fún Lavon ní àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan tí ohùn náà wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ló máa ń wà, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nǹkan kékeré kan lábẹ́ okùn gìtá ń ka ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe, àpótí náà á sì fi ohùn bàbá dáhùn nínú sípíkà.

Ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ara mi bù máṣọ. Mo gbọ́ ìkùn ọkùnrin. Mo wo ẹnu Lavon, ẹnu rẹ̀ pa dé. Mo wo Màmá, wọ́n di ojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ohùn náà máa ń tẹ̀lé ọwọ́ ni, torí àpótí náà ní láti kọ́kọ́ rò ó kó tó dáhùn. Bùrọ̀dá Tavis tó ń lu ìlù fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Lavon, bàbá ẹ ń pẹ́ dé o. Nígbà tí wọ́n wà láyé, wọn kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Mo jókòó síbi tí mo ti ń rí ọwọ́ ọkọ mi dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, irin kò tíì kan okùn, ohùn ti jáde. Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Lavon wá ń sáré tẹ̀ lé e bí ọmọdé tí wọ́n fà lọ́wọ́. Nígbà tí ìsìn parí, Bùrọ̀dá Tavis kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Lavon, ta ló ń ta gìtá yẹn?"

"Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Mo kàn bi ẹ́ ni."

Láti ìgbà náà ni ọkọ mi ti ń yàtọ̀. Ó ń tiro ní ẹsẹ̀ òsì, kò sì sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Ó ń rún búrẹ́dì àgbàdo sínú wàrà kíkan, ó sì ń fi ṣíbí jẹ ẹ́, ohun tó sọ fún mi nígbà ìfẹ́sọ́nà pé òun kò lè fi sẹ́nu láé. Màmá pè é ní Hosea nídìí tábìlì, ó sì jẹ́ "hùn-ùn," kò gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi, Lavon ni mo fẹ́. N kò fẹ́ bàbá rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé pé oṣù Kẹsàn-án ni àṣẹ yóò parí. Bí a bá fọwọ́ sí tuntun, ohùn náà di tiwọn títí ayé. Bí a kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò pa á rẹ́ nínú gbogbo àpótí tó bá wà, títí kan ti Lavon. Màmá ti mú gègé láti fọwọ́ sí i. Ojoojúmọ́ tí Lavon bá ń ta gìtá nílé ni wọ́n ń jókòó síwájú sípíkà láti bó ẹ̀wà tútù, kí ìkùn náà lè máa bá wọn ṣeré. Lavon náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Bí wọ́n bá gbà á padà, kí ni mo fẹ́ ta lọ́jọ́ Ìsinmi? Tèmi yìí? Wọ́n á sùn lọ."

Mo ń bá abọ́ fífọ̀ lọ. Ìyàwó tuntun, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti Màmá lọ ra ewébẹ̀. Sípíkà máa ń kọrin lókè nínú ilé ìtajà tí a lọ, ó sì ń polówó ọjà láàárín orin. Ìpolówó bíà kan bẹ̀rẹ̀. Gìtá onírin ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìkùn sì wà lábẹ́ gìtá. Ẹni kan tó yá ohùn bàbá ló fi ṣe é. Bàbá tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé wọn. Màmá dúró pẹ̀lú ìdì ewé lọ́wọ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó rí ọkọ rẹ̀ níbi tí kò yẹ:

"Hosea, kí lo wá ṣe níbí?"

Ìkùn náà dáwọ́ dúró. Ìpolówó náà ń lọ, gìtá ń dún, ṣùgbọ́n ìkùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Màmá dá ewé padà sórí àtẹ, a sì jáde. Inú mọ́tò ni wọ́n ti sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, kò mọ ibi tó wà. Gbogbo ibi ni wọ́n ń pè é sí, kò sì lè sọ pé òun ò lọ."

Nígbà tí a délé, Màmá ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i. Lavon ní ó burú, pé wọ́n fẹ́ dójú ti òun níwájú ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Lọ́jọ́ tí iná lọ, tó o jókòó sí ìloro," ni mo wí, "o ta gìtá láìsí àpótí. Mo gbọ́ ẹ."

"O gbọ́?"

"Mo fi aṣọ tí mò ń fọ̀ sílẹ̀ nínú omi. Ìyẹn, tìẹ ni. Òun ni mo fẹ́ máa gbọ́."

Ó jáde. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Áà, ìyàwó. O ní ẹnu."

Àná, ọjọ́ Ìsinmi, àpótí náà yadi. Iná pupa kan ló tàn lójú rẹ̀, kò dún. Lavon gbé sípíkà àtijọ́ tó wà lábẹ́ ibùsùn Màmá wá, ó so gìtá mọ́ ọn. Ó ṣìnà níbẹ̀rẹ̀, àwọn arábìnrin kan sì wo ara wọn lójú. Mo di etí ìjókòó mú. Nígbà tí Pásítọ̀ Pinkney gbàdúrà tán, tí gbogbo ilé ń retí kí gìtá dáhùn, ó fa irin náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Kò dún bíi ti bàbá rárá. Ó dún bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọrọ nǹkan tí kò dá a lójú pé yóò rí gbà. Màmá ló kọ́kọ́ dìde. Bùrọ̀dá Tavis na ọ̀pá ìlù sí i, ó ní, "Ìwọ rèé."

Lónìí, kò tiro. Ó fi aṣọ ìbora wé àpótí náà, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Wáyà iná rẹ̀ tí mo ká jọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí.

Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Lemuel. Ẹ fi ọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí fún mi, kí ẹ sì kí ìyá tó ń gbé òkè yín. Èmi ṣì ni àbúrò yín tí ẹ kọ́ bí a ṣe ń dín adìyẹ, tí kò sì lè

Ẹ̀gbọ́n mi, Lavon ti bẹ̀rẹ̀ gìtá ní ìloro. Ó kọ́kọ́ ta ìpè Màmá, Màmá sì rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀wà. Ó tún ta òmíràn báyìí. N kò gbọ́ èyí rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni irin yọ̀ lórí okùn, tí ìkẹyìn ròkè. Màmá ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwọ ni wọ́n ń pè."

Mo na ọrùn wo ìloro. Ẹ̀yìn Lavon nìkan ni mo ń rí láti ibi tí mo jókòó, ìkùn sì wà lábẹ́ ohùn náà, wáyà àpótí sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n tún ti pè mí. Mo ń lọ dáhùn, kí n sì wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ló ń kùn tàbí