Mo Ti Ká Ẹní Mi Lọ sí Ahéré Ìsàlẹ̀

                                        Abúlé Ngarifasu,
                                        Òkè Kwaio,
                                        Erékùṣù Malaita.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ, 2019.

Fei'a, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà létí òkun níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Ṣé o rántí pé èmi ni mo mú Lamana, ìyàwó Ofomae ọmọ mi, wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yín, tó fi ọ̀pá tín-ín-rín yẹn sábẹ́ awọ apá rẹ̀ kó má baà lóyún mọ́? Ọmọ tó bí gbẹ̀yìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Èmi ni mo nu ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ofomae ò sí níbẹ̀, àwọn ọkùnrin wa kì í sí níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ lè máa kán díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá náà yóò fi mọ́ ọn lára. Ó ń kán títí di òní. Ìwọ náà mọ̀ pé obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kò gbọdọ̀ kúrò ní ahéré ìsàlẹ̀ àfi tó bá dá. Lamana ò tíì gòkè. Èmi arúgbó ni mò ń wa kókò, tí mò ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tí mò ń dáná fún ọkùnrin tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ofomae dúró lójú ọ̀nà, ó ń pè é pé kó máa bọ̀ nílé, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kín-ín-kín ni, ta ló máa mọ̀? Lamana dá a lóhùn láti inú ahéré pé, "Bàbá ọmọ mi, àwọn òkú ilé yín á mọ̀, wọ́n á sì bínú. Tí ọmọ bá ṣàìsàn lọ́la, èmi náà lẹ máa dá lẹ́bi." Irọ́ kọ́ ló pa.

Ni Ofomae bá ní tó bá di ọjọ́ ọjà, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n òun á mú un sọ̀kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yín láti yọ ọ̀pá náà. Ó ní òun ò fẹ́ ìyàwó tó ń gbé ìsàlẹ̀. Mo bi í pé ṣé èyí tí wọ́n ti sin ló fẹ́. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Mo ká ẹní mi, mo lọ bá Lamana ní ahéré. Nǹkan oṣù tèmi ti dá tipẹ́, àmọ́ kò sí òfin tó ní kí arúgbó má sùn níbẹ̀. Ọkùnrin ni kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, wọ́n dé etí ibẹ̀, wọ́n dúró bí adìyẹ tí òjò pa. Kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé ẹsẹ̀. Ofomae pariwo pé, "Màámi, ta ló máa wá dáná?" Ànàmọ́ la ń sun, mo yí tèmi padà nínú iná. Ọmọ tí mo fi ọmú mi wò. Ó dùn mí wọra.

Bá mi bi nọ́ọ̀sì bóyá oògùn kan wà tó lè dá ẹ̀jẹ̀ yìí dúró láìyọ ọ̀pá náà. Tó bá wà, obìnrin ni kí o fi rán sí wa. Má fún ọkùnrin kankan, ì báà jẹ́ ọmọ mi.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kò ní gòkè bí Lamana ò bá gòkè,
Maato'o.