Wọ́n Ti Yọ Irin Ọrùn Gìtá Yín, Bàbá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ọmọ yín obìnrin kúnlẹ̀ láti Ibereko lápá Badagry níbí, ó kí yín, ó sì kí Màmá tó jókòó tì yín. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Dàpọ̀ àbúrò mi, ìwọ tí o máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, mo kí ìwọ náà. Rọra máa kà á, má sì fo ibì kankan, kódà ibi tó bá le.

Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ariwo ni mo máa ń fi parí rẹ̀, Màmá á sì ní kí n lọ sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn tó ń pààrọ̀ gìtá, tí wọ́n ń tún un ṣe bíi tiwa, lè rí i kà. Inú ń bí mi, Bàbá.

Iṣẹ́ tíṣà ń lọ. Owó oṣù a máa dé, a sì máa lọ kí n tó mọ ohun tí mo fi rà. Ọ̀rinrin ibí yìí ló pọ̀. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, aṣọ kì í gbẹ tán, àgádágodo ilẹ̀kùn mi ti dípẹtà. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń le jù fún mi. Àwọn ará ilé á máa fi Ègùn bá ara wọn ṣàwàdà ní àgbàlá, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀ láìmọ ohun tí wọ́n sọ. Gìtá béèsì yín, èyí tí ẹ gbé fún mi nígbà tí ọwọ́ òsì yín kò lè tẹ okùn mọ́, òun ni mo máa ń gbé mọ́ra.

Gìtá yẹn náà ló bá mi wá ènìyàn. Ní ọjọ́ Sátidé, àwa kan máa ń pàdé ní Mowo. Kò sí ẹni tó ń fi gìtá jẹun nínú wa. Ọ̀kan ń ta ẹja dídì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, ará Ọ̀yọ́ tó ń ṣe akọ̀wé, máa ń pààrọ̀ gìtá bí ẹni ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Ilé Mautin la ti ń pàdé. Ègùn ni, káfíńtà ni, òun ló sì ń ta béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ẹni tó bá rí tòkunbọ̀ kan rà lápá bọ́dà á gbé e wá, a ó tú u, a ó gbé ẹ̀yà ara èyí sínú tọ̀hún, a ó gbìyànjú rẹ̀ lórí sípíkà. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀.

Iyọ̀ òkun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, tó ń fi ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà han ìka, ìpẹtà bò wọ́n. Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń kàwé ni mò ń ṣàlàyé fún. Mo ní kí Mautin bá mi nu ìpẹtà náà kúrò, kó sì so okùn tuntun. Nínù ni mo wí. Mo bá lọ sí Morogbo láti máàkì ìwé ìdánwò.

Nígbà tí mo dé, ó ti fi aṣọ bò ó sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí aṣọ. Ọrùn gìtá yín ń dán, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí irin kankan lára rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé gìtá ẹlòmíì ni.

Ó ní Tíṣà, irin wọ̀nyẹn ti jẹrà, nínù kò lè ràn wọ́n. Ó ní òun yọ wọ́n, òun fi pẹlẹbẹ igi dí ojú wọn, òun fi sáńpépà họ ọ́, òun sì kun fáníìṣì sí i. Ó ní òkun kò tún rí nǹkan jẹ lára rẹ̀ mọ́. Mo bi í pé ta ló rán an. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ ló ra gìtá. Mo pariwo débi pé ìyàwó rẹ̀ fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, ó jáde wá bẹ̀ mí. Mautin kàn ń pe Mawu, Ọlọ́run lédè wọn, pé Ó mọ̀ pé òun rò pé inú mi á dùn ni. Láoyè, tó ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, bú sẹ́rìn-ín, ó ní gìtá náà ti wá dára sí i, pé tí n kò bá fẹ́ ẹ, kí n jẹ́ kí òun fi olókùn márùn-ún òun pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Mo gbìyànjú láti ta á, Bàbá. Láìsí irin, bí ìka bá fi díẹ̀ yẹ̀, ohùn á kan, kò ní bá orin mu mọ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń kọrin dúró láàárín orin, ó bi mí bóyá mo ti fa okùn mi bó ṣe yẹ. Mo gbé gìtá, mo lọ sílé, mo sunkún.

Mo ní kí Mautin dá irin padà. A wá irin káàkiri Badagry, a kò rí. Èyí tí ẹlẹ́ja dídì bá wa rà lápá bọ́dà nípọn jù. Bí Mautin ṣe ń kàn án, igi bẹ̀rẹ̀ sí í là, mo ní kó fi í sílẹ̀. Nígbà náà ló wọlé, ó gbé béèsì tirẹ̀ jáde, tí irin ọrùn rẹ̀ pé, ó gbé e lé itan mi. Ó ní kí n máa lò ó títí inú mi á fi rọ̀, bí kò bá sì rọ̀, kí n kúkú mú un. Mo mú un. Mo fi tiyín sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ìbínú, n kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. N kò tà á o. Mo pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan pè mí síbi ìdúpẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Mowo. N kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì Mautin ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin Ègùn kan, mo sì gbọ́ gìtá yín. Ohùn rẹ̀ gùn, ó ń yọ̀ láti ibì kan bọ́ síbòmíì bí àgbàlagbà tó ń kùn nínú ọgbà. Kò dún bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ yín náà, ẹ má bínú, n kò rántí pé ó dún bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti dìde láti lọ gbà á níwájú gbogbo ìjọ. Mo dúró sójú kan títí orin fi parí, mo sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó ba gìtá jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ló wá mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ. Tiyín ni, Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n lọ gbà á, kí Dàpọ̀ pè mí, màá gbéra lọ sí Mowo lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, mo ti fi fóònù mi gba orin náà sílẹ̀ níbi tí mo dúró sí, mo sì ti fi í sórí fóònù Dàpọ̀. Kó tẹ̀ ẹ́ fún yín. Ẹ dijú, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ tán.

Ọlọ́run á fún ọwọ́ yín lókun. Màmá, kò ní rẹ ẹ̀yin náà o. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kí ẹgbẹ́ akọrin, ẹ kí gbogbo àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́